Ìgbà, Kì Í Ṣe Igbá

Tọ́rọ́ lóṣù ni wọ́n ń san fún mi
láti máa fẹ́ ewìrì lẹ́yìn dùùrù ní Òkè-Ẹ̀sọ̀.
N kò rí ìjọ, ìjọ kò rí mi.
Ẹ̀yìn ọrùn Bàbá Énọ́kù Fádùgbà nìkan ni mo mọ̀,
àti bàtà rẹ̀ tó ti lu lápá òsì.

Òṣómàáló ni bàbá tó bí i.
Ó fẹ́ kó ru aṣọ dé Ẹdẹ, dé Ìlọrin,
kó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde.
Énọ́kù lóṣòó lóòótọ́.
Ṣùgbọ́n inú ìwé gbèsè ló ń kọ orin sí:
Àlàkẹ́ alátẹ, ṣílè méje;
lábẹ́ rẹ̀, mí, re, dò, tí kò tíì ní ọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Gúwẹ́nì ló kọ́ ọ ní ohùn mẹ́rin,
obìnrin tó máa ń bínú bí a bá pè é ní Gẹ̀ẹ́sì.
"Ará Wélìsì ni mí."
Bàbá rẹ̀ àgbà wa èédú títí èédú fi gba èémí rẹ̀;
inú ihò lọ́hùn-ún ló ti ń ṣe orin ìyìn,
ó ń fi ẹfun kọ ọ́ sára ṣọ́bìrì.
Énọ́kù ní, "Àwa náà ní ihò, ní Ìtagúnmọdì,
wúrà la ń wa níbẹ̀. N kò tíì gbọ́ kó kọrin."

Orin kẹtàlélógójì ni kò jẹ́ kó sùn,
níbi tí ohùn òkè-òkun ti ń gbé ọ̀rọ̀ wa gun àjà:
ìgbà oore-ọ̀fẹ́ la ní lọ́kàn,
igbá oore-ọ̀fẹ́ ló ń jáde lẹ́nu.
Ogójì ọdún la fi yin Ọlọ́run nítorí igbá.
Àlùfáà ní Ọlọ́run gbọ́ ohun tí à ń wí.
Énọ́kù ní, "Ó gbọ́. Ìyá mi ni kò gbọ́."

Ó tún un ṣe. Ó gba ọdún mẹ́fà,
ìyàwó kan tó kó ẹrù rẹ̀ lọ,
àti epo àtùpà tí ẹnikẹ́ni kò kà.
Ohùn tuntun náà rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sódò.
Ìgbìmọ̀ ìjọ tì í mọ́nú àpótí.
Wọ́n ní ó jọ orin oko.

Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn ló jókòó sí dùùrù.
Mo ti níyàwó nígbà náà, mo ṣì tọrọ ọwọ́ ewìrì.
Wọ́n dé ẹsẹ kejì, igbá ń bọ̀,
mo jáwọ́.
Dùùrù mí kanlẹ̀, ó dákẹ́.
Ìjọ ń bá a lọ láìsí ohun tó dì wọ́n mú,
ohùn wọn sì rọra sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀
síbi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé.

Wọn kò san tọ́rọ́ ọjọ́ náà fún mi.
N kò lóṣòó.