Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún

Ó tún dúró.
Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún,
bí àlejò tó dé ẹnu ọ̀nà tó wá gbàgbé orúkọ onílé.
Aago méjì òru. Ìsìkàn ti sùn,
jẹnẹrétọ̀ mi nìkan ló ń bá àkùkọ tí kò mọ aago jiyàn.

Wúràọlá ń bọ̀ wá gba fídíò bàbá rẹ̀ láago mẹ́jọ:
Bàbá Akínmọládùn, tó fi ogójì ọdún wọn kòkó n'Ídànrè,
tó jókòó síwájú fóònù ọmọ rẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn,
tó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan ó dín díẹ̀,
tí kò sì sọ òmíràn mọ́.

Mo bú kọ̀ǹpútà. Mo pa á, mo tàn án.
Mo pa ìgbéyàwó mẹ́ta rẹ́ kí àyè lè wà
(wọ́n ti sanwó, ẹ má bínú).
Ibì kan náà ló tún kú sí,
ibi tí bàbá ti gbé ọwọ́ sókè.

Ìgbà náà ni mo tó wo ẹnu rẹ̀:
ètè á ti pa dé kí ọ̀rọ̀ tó jáde.
Fóònù ló jẹ̀bi. Bó ṣe wù ú ló ń ka àwòrán,
ọgbọ̀n níhìn-ín, mẹ́rìnlélógún lọ́hùn-ún,
bí akọ̀wé tí oorun ń kùn.

Ọ̀gá mi ní Arákàlẹ̀ a máa ní
kódẹ́ẹ̀kì ò ju bí a ti ń di ẹrù lọ.
Fóònù di tirẹ̀ fún ìrìn àjò,
ó fún un pọ̀, ó ta kókó mọ́kànlá sí i.
Ta ní ń rán aṣọ tó ṣì wà nínú àpò?
Tú u ná. Jẹ́ kó gba gbogbo yàrá.
Ìgbà tó o bá fẹ́ rán an lọ sílé ni kó o tó tún un dì.

Mo kan ilẹ̀kùn Fẹ̀yíṣọlá, mo yá dísíìkì rẹ̀.
Gígábáìtì mẹ́ta tú, ó di àádọ́rin.
Mo so àwòrán mọ́ márùndínlọ́gbọ̀n, kò lé, kò dín.
Ohùn bọ́ sí ẹnu:
"Ẹ má ta oko Aládé fún ẹnikẹ́ni."
Wúràọlá ti sọ fún mi pé
àwọn ẹ̀gbọ́n òun ti gba owó àsansílẹ̀.

265 ì bá dì í kéré,
ṣùgbọ́n fóònù ẹ̀gbọ́n àgbà ti gbó:
òkùnkùn ni yóò rí, kí ohùn bàbá máa tinú rẹ̀ jáde.
Mo mú 264, ìdì àtijọ́ tí gbogbo ẹ̀rọ mọ̀ ọ́n tú.

Mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.
Mo gbójú kúrò, mo lọ bu omi mu.
Nígbà tí mo padà, ó ti parí,
ó ń bi mí lórúkọ tí mo fẹ́ sọ ọ́.