Ṣóńṣó Irun Ni Àgbà

Òtútù oṣù Keje ti mú Valparaíso dé egungun.
Òkun ń hó lẹ́yìn fèrèsé,
ọkọ̀ kékeré tí ń fi irin gun òkè
ń kérora bí ẹni tí orúnkún ń dùn.
Èmi ni mo ń gbálẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Hortensia;
oṣù kẹrin tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn,
ìgbálẹ̀ nìkan ni wọ́n tíì fi lé mi lọ́wọ́.

Edelmira wọlé, ó tú ìborùn rẹ̀.
Irun já wálẹ̀ dé ìbàdí,
dúdú bí kóró iṣin.
Ó ní, "Mo fẹ́ kó dúdú lókè,
kó máa mọ́ bọ̀ nísàlẹ̀,
bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ lórí omi,
kí ẹnikẹ́ni má lè nàka sí i pé
ibí yìí ni òru parí sí."

Hortensia gbé ṣóńṣó irun náà sọ́wọ́,
ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n.
"Ibí gbẹ. Ó ti là sí méjì méjì.
Oògùn tí í jẹ dúdú yóò jẹ ẹ́ tán.
Jẹ́ kí n gé e ká tó bẹ̀rẹ̀."
Ó ti mú àlùmọ́gàjí.

"Rárá o."
Ohùn náà kò le,
ṣùgbọ́n àlùmọ́gàjí dúró lófuurufú.
"Ìka méjì tí o dì mú yẹn,
màmá mi ló di í kẹ́yìn.
Ọdún kẹfà rèé. Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn ni,
ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, dídì náà wọ́,
mi ò tú u fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Èyí tó wà lágbárí mi, ọmọ àná ni.
Kò mọ̀ ọ́n rí."

N kò rò ó bẹ́ẹ̀ rí.
Gbogbo irun tí mo ti gbá dà nù,
mo ṣe bí ìdọ̀tí ni.
Ìdí irun ni ìkókó,
ṣóńṣó irun ni àgbà:
òun ló rí ọdún tó lọ,
òun ló rí èyí tó ṣáájú rẹ̀.
Bí ẹnì kan yóò bá kọ́kọ́ funfun nínú ilé,
ta ló tún tọ́ sí?

Hortensia kò fèsì. Ó da oògùn inú abọ́ nù,
ó po òmíràn, èyí tí kò lágbára,
èyí tí yóò pẹ́.
Ó pín irun sí ọ̀nà mẹ́rìnlá,
ó fi kóòmù ti díẹ̀ padà sókè nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan
kí ààlà má baà hàn gbangba,
ó wá mú búrọ́ọ̀ṣì:
nísàlẹ̀, ó fi oògùn rin ín gbingbin;
láàárín, ó rọra fi ra á;
lókè, búrọ́ọ̀ṣì kàn kí i, ó kọjá.
Ó pè mí: "Wá bá mi di fọ́ìlì mú."
Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi.

A dúró.
Ó di pupa rúsúrúsú.
Ó di àwọ̀ ọsàn, Edelmira dijú,
ó ní, "Mo ti dàbí ológbò ará ilé kejì."
"Má tíì tọ́ ọbẹ̀ wò, kò jinná."
Ó di ìyeyè tó pọ́n,
ó di àwọ̀ inú èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀,
ọ̀gá mi ní ó tó.
A fọ̀ ọ́, a fi ọṣẹ elésè àlùkò
pa iná ìyeyè tó kù.

Ó gbẹ tán, kò nà án.
Ó fi irin gbígbóná ká a láti àárín lọ sísàlẹ̀,
ó ní irun tó nà gbọọrọ
kì í jẹ́ kí àwọ̀ bára wọn ṣeré.
Òru wà lókè, oyin wà láàárín,
iyanrìn gbígbẹ wà nísàlẹ̀ pátápátá;
mo wá ààlà títí, n kò rí i.

Lẹ́nu ọ̀nà, Edelmira dúró,
ó mú ìka méjì ìsàlẹ̀,
ó di í fúnra rẹ̀. Ó wọ́.
Ó ba iṣẹ́ irin jẹ́ níbẹ̀.
Hortensia rí i, ó ń ka owó lọ.

Mo padà sídìí ìgbálẹ̀ mi.
Okùn irun mẹ́ta wà lábẹ́ àga,
lẹ́gẹ́lẹ́gẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe é rí.
Mo fi fọ́ìlì wé e,
mo sáré jáde sínú òjò.