Ọbẹ̀ Iyẹ̀pẹ̀

Ọ̀gá ní n má fọwọ́ kan àká gidi.
"Kọ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú ẹ̀rọ, kó ṣófo,
kí o fi dánra wò títí di ọjọ́ Ajé.
Bó bá máa wó, kó wó lé ara rẹ̀."
Mo jókòó sí yàrá iṣẹ́ wa ní Sábẹ,
lẹ́yìn ilé ìkẹ́rù kajú ẹgbẹ́ àgbẹ̀,
abẹ̀bẹ̀ oníná ń yí bí ẹni tí kò fẹ́ ṣiṣẹ́,
àwọn òkè olókùúta ń wò mí lójú fèrèsé
bí ìyá tó mọ̀ pé ọmọ òun fẹ́ purọ́.

Ẹ̀rọ bi mí: "Kí lorúkọ àká yìí?"
Mo kọ ÌDÁNWÒ, lẹ́tà ńlá ńlá,
kí Pẹlajì akápò má baà ṣìnà wọ̀ ọ́.
"Owó wo lẹ ń ná?" Séfà.
"Oṣù wo lọdún yín ń bẹ̀rẹ̀?"
Ìyẹn dá mi dúró.
Ti ìjọba, oṣù kìíní ni.
Tiwa, ọjọ́ tí kajú àkọ́kọ́ bá já bọ́ lóko Bíọ̀.
Mo kọ oṣù kìíní. Ẹ̀rọ kò mọ Bíọ̀.

Ó ṣí, funfun báláú.
Kò sí oníbàárà, kò sí àpò, kò sí gbèsè.
Mo rántí bí a ṣe ń fi iyẹ̀pẹ̀ se ọbẹ̀
nídìí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé wa,
agolo tòmátì ni ìkòkò, ewé gbígbẹ lẹran,
a ó pọ́nnu lá, a ó ní ó dùn.
Ẹni tó bá gbé e mì ni òmùgọ̀.

Ni mo bá dáná.
Mo dá oníbàárà kan, Alájì Kòsílé, ará Kòsílùú.
Mo kó ẹgbàárùn-ún àpò wọlé lóòjọ́,
òjò kò pa ọ̀kan, kòkòrò kò jẹ ọ̀kan,
òṣùwọ̀n kò tẹ̀ sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni.
Mo pín èrè ọdún mẹ́ta tí kò tíì dé.
Pẹlajì yọjú léjìká mi, ó figbe ta:
"Wọ̀rú! Ìgbà wo la rówó yìí?"
Mo ní iyẹ̀pẹ̀ ni.
Ó ní, "Ṣé kò ṣeé bù díẹ̀?"

Nígbà tó lọ tán, mo ṣe ohun tí a kò rán mi.
Mo kọ orúkọ bàbá mi sí i:
Ṣàbí, àgbẹ̀, ọ̀nà Kábùwà.
Ó kú lọ́dún tí iná jó oko,
ó jẹ ẹgbẹ́ ní ọ̀kẹ́ mẹ́ta séfà.
Nínú ìwé gidi, ìlà pupa ṣì wà lábẹ́ orúkọ rẹ̀.
Nínú ÌDÁNWÒ, mo fún un ní ogún àpò,
mo bá a tà á, mo bá a san án.
Ó ku òdo,
òdo róbótó bí ẹnu ọmọ tó sùn lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ní n pa á rẹ́.
Ẹ̀rọ bi mí: "Ṣé ó dá ọ lójú?"
Mo gbé ìka sókè, ó pẹ́ lókè.
Pẹlajì ń ka owó lọ́wọ́, kò wò mí.
"Pẹlajì, yọ ẹgbẹ̀rún márùn-ún nínú owó oṣù mi,
kọ ọ́ sórúkọ Ṣàbí, nínú ìwé gidi."
Kò bi mí nídìí. Ó fi ahọ́n kan ẹnu gègé, ó kọ ọ́.
Ó ku ẹgbàá mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n àti ẹgbẹ̀rún kan.
Mo tẹ̀ ẹ́.