Ìlọ́po Mẹ́rin Tó Mi

Ní Kington, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi èjìká kan ti Wales,
Ọ̀gbẹ́ni Pryce to awò ìbọn sórí tábìlì onígíláàsì
bí ẹni ń to ìgò oògùn fún aláìsàn.
"Èyí ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́rìnlélógún," ó wí,
"wàá ka irun etí ehoro."
Mo ní ẹ ṣeun. Irun etí ta ni mo fẹ́ kà?

Ìbọn mi kì í ṣe ìbọn àgbọ̀nrín.
Tù-tù ni wọ́n ń pè é níbí, méjì-méjì lédè tiwọn,
ṣùgbọ́n tútù ni etí tèmi gbọ́,
bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí: kì í bú ramúramù,
ó kàn ń tutọ́ ni, bí ẹni tí irun bọ́ sí lẹ́nu.
Ọta rẹ̀ kò tó ọmọńdinrín ìka mi.
Etí ìdí rẹ̀ ni òòlù ń gbá,
bí ìyá mi ṣe ń gbá etí mi bí mi ò bá gbọ́ràn,
ìgbà náà ni yóò tó sáré jíṣẹ́.
Àádọ́ta ìgbésẹ̀, bóyá ọgọ́rin bí afẹ́fẹ́ bá sùn,
ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ mọ.
Kí ni ojú tó ń rí òkè kejì fẹ́ ṣe
fún ọwọ́ tí kò lè nà kọjá ọgbà?

Mo ti gbé irú awò ńlá yẹn rí.
Gethin, ọmọ Màmá Probert, ló yá mi lóṣù Kẹta.
Àwọn ehoro ti jẹ kábéèjì màmá délẹ̀,
ẹsẹ̀ màlúù kan sì ti kán sínú ihò wọn.
Mo dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì lẹ́yìn ògiri òkúta,
mo tẹjú mọ́ awò.
Yéè! Ayé fún bí ihò abẹ́rẹ́.
Koríko di igbó. Ehoro dà?
Mò ń wá a bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́ lókùnkùn.
Ìgbà tí mo rí i,
ọkàn mi tó ń lù ń gbé e sókè, ń gbé e sísàlẹ̀,
gbogbo gbígbọ̀n ọwọ́ ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta
tí mo ń kì bọ àpò kí ẹnikẹ́ni má rí i,
awò ń ké e síta ní ìlọ́po mẹ́rìnlélógún.
Ehoro dúró. Ó kọjú sí mi.
Mo rí ìrọ̀lẹ́ odindi nínú ojú rẹ̀,
mo rí ewé kan tó ku díẹ̀ kó gbé mì,
mo sì rántí Ọ̀gbẹ́ni Hallam ní yàrá kẹsàn-án,
ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru,
bó ṣe ń jẹnu bẹ́ẹ̀, díẹ̀díẹ̀, tí mo bá ń fi ṣíbí bọ́ ọ,
láìgbé ojú kúrò lára mi.
Mo yọ ọta. Mo gba ilé lọ.
Màmá Probert ò bi mí léèrè; kábéèjì ti sọ fún un.

Ìdí nìyí, Pryce, tí mo fi ní kí ẹ gbé tinú àpótí yẹn wá,
èyí kúkúrú tí eruku bò,
ìlọ́po mẹ́rin péré,
tí wọ́n tún ojú rẹ̀ ṣe fún àádọ́ta ìgbésẹ̀,
tí òwú àgbélébùú inú rẹ̀ nípọn díẹ̀
kí àṣálẹ́ má baà gbé e mì.
Nínú ìyẹn, ehoro á jẹ́ ehoro,
koríko á yí i ká,
ajá ẹlòmíì tó bá yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ á hàn.
Màá rí i tó láti má ṣe é léṣe lásán,
mi ò ní rí i tó láti sọ ọ́ lórúkọ.
Ẹ pè é lójo bí ẹ bá fẹ́.

Ó fi ìwé ìròyìn àtijọ́ nu eruku rẹ̀.
Mo gbé e sójú, mo wo ìta láti ojú fèrèsé:
obìnrin kan dúró níwájú alápatà, lábẹ́ agbòjò.
Ó ń rẹ́rìn-ín.
Ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín, mi ò rí i.