Àmì Lára Òpó Ìlẹ̀kùn

Pẹ́ńsù tí mo ń há sétí níbi pákó ní Sáńgò,
òun náà ni mo fi ń kọ ọmọ sára òpó ìlẹ̀kùn.
Ẹ̀gbọ́n rèé: oṣù kẹfà, ó jókòó.
Oṣù kẹsàn-án, ó rákò dé ẹsẹ̀ àga mi,
ó kó èérún pákó sẹ́nu.
Ti Àńjọrìn: mo kọ "ó rẹ́rìn-ín",
pẹ́ńsù dúró.

Oṣù keje lọ. Ọrùn ṣì ń yẹ̀
bí ewé ẹ̀gẹ́ tí òjò pa.
Ará ilé ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó rìn.
Irọ́ ni. Èmi ni mo bí i, mo mọ ọjọ́ tó rìn:
ọjọ́ Ẹtì, òjò ń lu páànù,
ó rìn tààrà bọ́ sínú àgbàrá.

Ní Yemẹtu, lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ oṣù kẹsàn-án,
nọ́ọ̀sì Abọ́sẹ̀dé kò kàn gún un kó ní ká máa lọ.
Ó fà á lápá méjèèjì, orí kù sẹ́yìn.
Ó mi páálí ìṣáná létí rẹ̀, ojú yí síbẹ̀.
"Ó ń gbọ́. Iṣan ló rọ̀. Ẹ tètè dé."
Ìyàwó ọmọ mi bú sẹ́kún.
Èmi di "ẹ tètè dé" sápò bọ̀ wálé.

Tètè. Ṣé káfíńtà ni wọ́n ń kọ́?
Pákó tútù ń gbọ́ ti ọwọ́;
tó bá gbẹ tán, ayùn nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀.

Ìṣẹ́gun sí Ìṣẹ́gun, a ń gba Mọ́kọ́lá lọ.
Nílé, a dà á dojú bolẹ̀ lórí ẹní,
a gbé ṣíbí tó ń dán síwájú rẹ̀ kó máa nawọ́.
Mo kan àga fún un, mo fi rọ́bà táyà ṣe bẹ́líìtì rẹ̀,
mo ha etí rẹ̀ títí ó fi jọ̀lọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bi mí: "Bàbá, ìgbà wo ló máa bá tèmi?"
Mo ní òpó tirẹ̀ ọ̀tọ̀.
Àńjọrìn la sọ ọ́,
a ò sọ ọ́ ní Sáré-ṣíwájú.

Oṣù kẹtàlá: ó gbé orí ró títí mo fi mu ẹ̀kọ tán.
Oṣù kẹrìndínlógún: ó jókòó, ìrọ̀rí kan péré lẹ́yìn.

Lánàá, ó di etí àga mú, ó dìde.
Ẹsẹ̀ ń gbọ̀n. Kò pẹ́, ó jókòó wọ̀ọ̀,
ó wá ń wo ojú mi bóyá mo rí i.
Mo rí i.
Pẹ́ńsù ni mi ò rí,
mo tú gbogbo ilé,
ó wà létí mi.