Ẹni Tó Di Àkàbà Mú

Iṣẹ́ mi kò ju kí n di àkàbà mú lọ.
Mosúnmọ́lá ló ń gun ọdán,
ọ̀rá fífẹ̀ lábíyá, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ lọ́rùn.
Ó fi ọ̀rá wọ ẹ̀ka kan
bí ẹni dé fìlà fún ọmọ ọwọ́,
ó so ó, ó wá sọ̀rọ̀ sí ewé:
"Ó yá, mí."

Ó ní ewé ń tú nǹkan sílẹ̀
tí ojú kò rí, tí wọn kò kọ́ wa níléèwé.

Ní ìdájí, a ka ẹ̀rọ: òfo.
Igi ṣì ń sùn.
Ìgbà tó di aago méjì ọ̀sán ní Àlàbàtà,
tí òkúta gbóná débi
pé alángbá ń gbẹ́sẹ̀ kan sókè, tó ń sọ èkejì kalẹ̀,
nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í gùn.
Ó gùn kọjá èmi, ó gùn kọjá àkàbà.
Oòrùn ló ń lé òórùn jáde.

Mo rántí màmá mi àgbà lọ́nà oko Òṣíẹ̀lẹ̀.
Á dúró, á gbé ẹrù kúrò lórí,
á ní, "Igbó ń rùn lónìí."
Kò ní ẹ̀rọ kankan.

Lọ́jọ́ Ẹtì a gbé àkàbà dé Lafẹ́nwá,
sídìí máńgòrò Bàbá Ṣówándé tó ń lẹ táyà.
Tírélà ń wú èéfín bí arúgbó tí ikọ́ ń ṣe.
Mosúnmọ́lá ní èémí ewé nìkan kò burú,
àfi tó bá pàdé èéfín yìí,
tí oòrùn wá ṣe alárinà.
Ọmọ tí wọ́n bá bí a máa ta ni lójú,
a máa há ọmọdé láyà.

Bàbá gbọn ọwọ́ nù.
"Àgùntàn tó bá ajá rìn..."
Kò parí ẹ̀. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín lókè títí àkàbà fi mì.
Mo dì í mú.
"Ṣé ká gé e ni?"
Ó wo ìbòòji, ó wo ọmọ méjì tó sùn lórí táyà.
"Bàbá, nínú àgùntàn àti ajá,
èwo lẹ fẹ́ pa?"
Tírélà mìíràn kọjá. A kò gbọ́ èsì.

Lálẹ́, ní Ìtọ́kò, mo ṣí fèrèsé.
Gúáfà wà níbẹ̀, ó dúdú, ó dákẹ́.
Mo mọ̀ pé òfo ni ẹ̀rọ ì bá kà.
Mo ṣáà fa imú.