Kọ́kọ́rọ́

Ọdún méje ni mo fi jókòó lórí abala ìdí kan,
nílé ìjọsìn, nínú kẹ̀kẹ́ tó ń lọ Sábó,
lórí àga oníke tí wọ́n ń gbé fún àlejò.
"Tíṣà, ẹ jókòó dáadáa."
Mo ti jókòó dáadáa tán, ọmọ mi. Bó ṣe mọ nìyẹn.

Kì í ṣe inú. Kì í ṣe ẹ̀yìn.
Ó wà níbi tí a kì í dárúkọ níwájú àna,
bí ẹ̀gún tó wọlé tí kò fi ojú ihò sílẹ̀.

Wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, mo mu àgbo títí eyín mi fi pọ́n.
Wọ́n ní kòkòrò ni, mo gbé kápúsù mì bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.
Wọ́n la ikùn mi, wọ́n yọ ìfun kékeré kan tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.
Oníṣègùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé gbé fọ́tò inú mi sójú iná,
ó ní, "Kò sí nǹkan kan níbí, Màmá."
Mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ sọ?
Mo gbé kò-sí-nǹkan náà délé, kò jẹ́ kí n sùn.
Nọ́ọ̀sì kan ní kí n máa fún un pọ̀, ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́.
Mo ṣe é bí ẹni ń san gbèsè. Ó le sí i.

Gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ bá mi wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí,
kò sẹ́ni tó bi ìdí gan-an léèrè.

Àfi ìgbà tí wọ́n darí mi sí yàrá ẹ̀yìn nílé ìwòsàn ńlá,
lọ́dọ̀ ọmọbìnrin kan, Oyèníhùn, oníṣẹ́ iṣan,
aṣọ rẹ̀ funfun, bàtà rẹ̀ ti jẹ ní gìgísẹ̀.
Kò mú abẹ́rẹ́. Kò kọ oògùn.
Ó ní, "Ẹ di ìkúùkù." Mo dì í.
"Ẹ má tíì tú u o." Ó ń bi mí nípa àwọn ọmọ mi,
ìrọbí wo ló pẹ́ jù, ta ló gbẹ̀bí, ibo ni mo ti ń ra iṣu.
Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó ń ta mí dé ìgúnpá.
"Ṣé àìsàn ló ń ṣe ọwọ́ yín ni?"
Rárá. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.
"Iṣan kan wà nísàlẹ̀ ìbàdí, ó tẹ́ bí ẹní,
òun ló gbé àpò ìtọ̀, òun ló gbé ilé ọmọ.
Tiyín ti di ìkúùkù. Ta ló ní kó dì?"

Lẹ́yìn náà ló bèèrè ohun tí ẹnìkan ò bi mí rí:
"Níbi iṣẹ́, Màmá, ibo lẹ ti ń tọ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọdún mọ́kàndínlógún, ilé ẹ̀kọ́ lẹ́yìn oko kajú,
ṣálángá kan ṣoṣo, àgádágodo lẹ́nu rẹ̀,
kọ́kọ́rọ́ lápò ọ̀gá àgbà
nítorí àlejò tó lè ti ìjọba ìbílẹ̀ wá.
Àwọn ọkùnrin a máa lọ sídìí igi.
Èmi a máa sá fún omi láàárọ̀, a máa ki ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀,
a máa kọ ìṣirò sójú pátákó,
aago méjọ dé aago méjì,
mo ń dì í, mo ń dì í, mo pè é ní ìwà ọmọlúwàbí.

Ó ní kí n dùbúlẹ̀, kí n mí kọjá ìdodo,
kí n jẹ́ kí ibẹ̀ rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni jókòó sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò rántí bí a ti ń rọ̀.
Lọ́sẹ̀ kẹrin nǹkan kan jáwọ́.
Omijé ló kọ́kọ́ jáde.

Kò tíì lọ tán. Ọjọ́bọ̀ tó kọjá
ó tún yọjú bí agbowó-orí.

Ní Mọ́ńdè mo kan ilẹ̀kùn ọ̀gá: "Kọ́kọ́rọ́ yẹn dà, sà?"
Ó ní ṣé àlejò ń bọ̀ ni.
Mo ní ó ti dé.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Àtọ́kẹ́ kíláàsì karùn-ún
fi ẹsẹ̀ lọ́ ẹsẹ̀ lábẹ́ bẹ́ńṣì,
ojú rẹ̀ wà lójú fèrèsé, ètè rẹ̀ fún pọ̀.
Mo mọ ètè yẹn.
Mo bọ́ okùn kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, mo nà án sí i.
Ìṣirò ṣì wà lójú pátákó. Kò ní sá lọ.